Abẹ́rẹ́ Àgùntàn àti Orúnkún Sisí Àmú

Àtìní, 22 oṣù Kẹrin 1991

Ọmọ mi ra ìwé yìí fún mi lọ́dún tó kọjá, ó ní kí n máa kọ àlá mi sí i. Èmi kì í lá àlá tó tó kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúnkún ẹ̀gbọ́n mi ni n óò kọ sí i, nítorí ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ gùn.

Sisí Àmú ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ọdún kejì rèé tó ti ń kírun lórí àga. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn Ìtúnu Àwẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kó ara wọn jọ sí yàrá rẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n ní àwọn máa gbé e lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yìí. Inú gbogbo ilé dùn. Ó di àárọ̀ yìí, Fàtáì àkọ́bí rẹ̀ mú ìwé ìròyìn wọlé, ó ní òun ti rí ojútùú orúnkún màmá òun.

Abẹ́rẹ́ ni. Ilé ìwòsàn tuntun kan, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Tinúbú, ló ń gún un fún ènìyàn. Wọ́n ní àwọn ń mú sẹ́ẹ̀lì láti ara ọmọ àgùntàn tó ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, àwọn ń gún un sí àgbàlagbà lára, ara á sì máa padà di tuntun: ojú, egungun, irun, gbogbo rẹ̀. Abẹ́rẹ́ mẹ́fà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwòrán obìnrin kan wà níbẹ̀, ó wọ jígí dúdú, eyín góòlù kan ń dán lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Màmá Àbẹ̀ní, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yìí láìlo ọ̀pá.

Ó dà bí ẹni pé mo mọ ojú yẹn, ṣùgbọ́n jígí ti bo ìdajì rẹ̀.

Sisí ní kí n tún ibi Mẹ́kà yẹn kà fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Fàtáì ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ń lọ nìyẹn. Kò ní sí ọ̀rọ̀ ọ̀pá."

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ta mílíkì alágolo ní Òkè Àrin, n kì í ra ọjà láìfa páálí àárín yọ kí n ṣí i wò. Ti òkè ni ẹni tó ń tà máa ń tò dáadáa.

Àlàmísì, 25

Òjò. Omi wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ àga Sisí. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ń kọrin. Ṣúgà tún ti gbówó lórí.

Àtìní, 29

Mo lọ rí Dókítà Olúfúnkẹ́, ọmọ Dáfídì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi. Ilé ìwòsàn ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́, òun náà ló ń kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Sisí. Mo ti rò pé á fi mí rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Mọ́mì, ìdí ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú mùdùnmúdùn egungun wa tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa bí àwọn mìíràn. Lókè òkun, wọ́n ń gba ti ẹnì kan fún ẹlòmíràn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní àìsàn burúkú, àwọn kan sì ń yè é. Ṣùgbọ́n ti ènìyàn sí ènìyàn ni. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ara méjèèjì bára mu, síbẹ̀ ó ṣì léwu. Àìsàn ni wọ́n ń fi wò. Wọn ò fi wo ogbó."

"Ti àgùntàn wá ńkọ́?"

"Ara ènìyàn mọ àlejò, Mọ́mì. Tí wọ́n bá gún ohun ẹranko sí i, ó lè gbéjà kò ó. Ibi abẹ́rẹ́ lè wú, èémí lè há. Àìsàn tó wà lára ẹran náà lè bá a wọlé."

Mo bi í pé báwo ni mo ṣe máa mọ olóòótọ́ nínú wọn. Ó ní kí n má wo àwọn tí wọ́n bá mú wá síwájú mi. Kí n bèèrè pé ènìyàn mélòó ló ti gbà á, ta ló ń ṣọ́ wọn, àwọn wo ni kò ṣe lóore, àwọn wo ló pa lára, báwo ni wọ́n ṣe rí lẹ́yìn ọdún kan. Kí n sì bèèrè pé, bí ara ẹnì kan bá kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ló wà nílẹ̀ láti fi gbà á là.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí kàwé títí, ọ̀rọ̀ páálí àárín náà ló wá bá mi sọ.

Ní ti orúnkún, ó ní kò sí idán kankan. Kí Sisí dín ara kù, kó máa na ẹsẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó lo ọ̀pá, kó lo oògùn ìrora níwọ̀nba. Ìrora á dín kù, ṣùgbọ́n orúnkún ọmọ ogún ọdún ti lọ nìyẹn. Ó ní kí wọ́n wá àga onítáyà fún un ní Mẹ́kà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lò ó.

Mo jíṣẹ́ fún Sisí bó ṣe wà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní òun kì í ṣe arọ.

Jímọ̀, 3 oṣù Karùn-ún

Mo dá lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Dókítà Fúnṣọ́ ni wọ́n ń pe ọ̀gá wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ ni, aṣọ funfun rẹ̀ gún régé, ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin. Ó fún mi ní ẹlẹ́rìndòdò tútù. Mo gbé e sílẹ̀ kí n lè sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ibo lẹ ń kó abẹ́rẹ́ náà sí?"

Ó mú mi wo fíríìjì. Iná ti lọ láti àná, omi ń kán tó-tó-tó lábẹ́ rẹ̀. Mo bèèrè jẹnẹrétọ̀. Ó ní ó wà lọ́dọ̀ mekáníìkì. Mo mú ìgò abẹ́rẹ́ kan, mo yí i po. Kò sí déètì, kò sí nọ́ńbà kankan, bébà tuntun ni wọ́n sì lẹ̀ mọ́ orí ti àtijọ́. Mo fi èékánná gbé etí rẹ̀ sókè díẹ̀. Ó rọra gbà á lọ́wọ́ mi.

"Màmá, ohun alààyè ni. Wọn kì í kọ déètì sí i."

"Ẹja inú yìnyín náà wà láàyè rí, dókítà. Ìyẹn ò ní kó má rà."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo ka ìbéèrè Olúfúnkẹ́ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn mélòó? Wọ́n pọ̀. Ta ló ń ṣọ́ wọn? Àwọn fúnra wọn. Àwọn wo ni kò ṣe lóore? Ó ní kò sí ẹyọ kan. Ní Òkè Àrin, ẹni tó bá ní agolo kan kò wú lọ́wọ́ òun rí, kò tíì tajà rí ni.

Mo bi í pé bí èémí bá há mọ́ ẹnì kan láyà ńkọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ rere." Ó wá ní kí n padà wá ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Màmá Àbẹ̀ní fúnra rẹ̀ á wá jẹ́rìí, n óò fi ojú ara mi rí i.

Mo mu ẹlẹ́rìndòdò náà tán kí n tó dìde. Òùngbẹ ń gbẹ mí.

Àtàláátà, 7

Mo rí ìwé kan lórí tábìlì Sisí. Ilé abẹ́rẹ́ ló fún Fàtáì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí aláìsàn dá gbogbo oògùn ilé ìwòsàn dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kí sẹ́ẹ̀lì lè ráyè ṣiṣẹ́.

Orí mi gbóná. Mo pariwo débi pé àwọn ayálégbé yọjú.

"Sisí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní kẹ́ ẹ dá dúró! Ẹ ṣáà mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi ojú Bàbá wa rí."

"Ìwọ ṣáà mọ gbogbo nǹkan, Àdíját."

"N ò mọ gbogbo nǹkan. Agolo ni mo mọ̀."

"Èmi kì í ṣe agolo."

Mo ní kó ṣèlérí fún mi pé á máa lo oògùn rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Mo gòkè lọ sùn, ọkàn mi balẹ̀.

Sátidé, 11

Ọjọ́ ńlá! Ọwọ́ mi ò yá tó ẹnu mi, ṣùgbọ́n n óò kọ ọ́ tán.

Èmi, Sisí àti Fàtáì jọ lọ ni. Fàtáì ló gbé màmá rẹ̀ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A bá bí ogún ènìyàn níbẹ̀, àgbààgbà gbogbo, tí wọ́n jókòó bí ọmọ iléèwé. Dókítà Fúnṣọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó wá ṣílẹ̀kùn inú. Màmá Àbẹ̀ní jáde.

Léèsì funfun, jígí dúdú, eyín góòlù. Ó rìn lọ sí ojú fèrèsé, ó rìn bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sọ kò-kò-kò lórí pákó. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin tí mo mọ̀ pé wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ń kúnlẹ̀ kí i, "Ẹ kú ọjọ́ gbogbo o, Màmá, ẹ ó tún pẹ́ sí i." Sisí tèmi fẹ́ fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde lórí ìjókòó kó lè tẹ orúnkún ba díẹ̀ fún àgbà. Mo dì í lápá mú.

Ooru wá mú ìyá náà. Ó bọ́ jígí, ó ń nu ojú. Mo rí àpá kan lókè ojú òsì rẹ̀, ó tẹ̀ kọrọdọ bí èékánná.

Èmi ni mo ni àpá yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ọmọ kan bọ́ lẹ́yìn mi lẹ́bàá gọ́tà agboolé wa, tó fi ojú gbá etí símẹ́ńtì. Ìyá mi nà mí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ ilé kejì ni. Nígbà ogun Hítílà ni wọ́n bí i, tí a máa ń tò fún iyọ̀. Sisí Àmú ló máa ń pọ̀n ọ́n lówùúrọ̀, èmi a gbà á lọ́sàn-án. Nígbà tó lọ́kọ, ó kó lọ sí Ìbàdàn, ojú wa ò tún kanra mọ́.

N kò pariwo. Mo kàn pè é bí a ṣe máa ń pè é nínú agboolé: "Mùtíátù!"

Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti balẹ̀ gbì. "Ẹ káàsán o, Sisí Àdíját." Ó yíjú, ó rí ẹni tó jókòó tì mí, ó tún wólẹ̀ sí i. "Háà! Sisí Àmú! Ẹ káàsán, mà."

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nílé ẹjọ́ dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ̀yin ẹni tí wọ́n kúnlẹ̀ fún, ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

Mo ní, "Méjìdínlọ́gọ́ta, sà."

"Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ló kúnlẹ̀ fún ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta?"

"Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, sà. Bó bá ju àádọ́ta lọ, kì í ṣe lójú mi."

Dókítà Fúnṣọ́ ní ìrẹ̀lẹ̀ ló wà lára Màmá Àbẹ̀ní, pé kò sí ẹni tí kì í kúnlẹ̀ fún. Bàbá náà ní nínú gbogbo àwọn tó ti ń kí i láti àárọ̀, èwo ló ti kúnlẹ̀ fún? Ẹ̀rín sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé báàgì wọn. Mùtíátù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, kò mọ bó ṣe máa dìde.

Mo jẹun ọ̀sán lónìí bí ẹni tó ta tírélà mílíkì kan tán. Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀, Sisí ní, "Ó ń rìn dáadáa ṣá." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọdé ni, kí ló dé tí kò ní rìn.

Sọ́ńdè, 12

Sisí ní mo dójú ti ọmọ ọlọ́mọ láàárín èrò. Mo ní irọ́ ni Mùtíátù ń pa. Ó ní, "Ìwọ náà ṣáà lo jẹ́ kó bọ́ lẹ́yìn ẹ."

Àlàrùba, 15

Ọjà yá. Sisí ń bá mi sọ̀rọ̀ padà, ó tilẹ̀ fi ẹja díẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Sátidé, 18

Orí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ èyí.

Nígbà tí mo lọ kí ìrun Jímọ̀ lánàá, Fàtáì gbé màmá rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́. Sisí fúnra rẹ̀ ló bẹ ọmọ rẹ̀. Kí n tó ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́, apá rẹ̀ ti wú tó iṣu ńlá, ara rẹ̀ ti lé káàkiri, èémí rẹ̀ ń dún bí fèrè. Ó ń wò mí, kò lè sọ̀rọ̀. Fàtáì ní òun ti sáré padà lọ síbẹ̀, wọ́n ní kó lọ fi omi tútù nù ún lára.

Mo pariwo tákísì. N kò mọ bí a ṣe dé ibí. Olúfúnkẹ́ ló wà níṣẹ́, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọmọ náà. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ méjì lẹ́sẹ̀ kan náà, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, Olúfúnkẹ́ wo ojú mi, ó ní, "Mọ́mì, wọn ò lo oògùn wọn."

Mo tú etí ìborùn rẹ̀. Gbogbo oògùn ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ wà níbẹ̀, ó dì wọ́n bí ẹní di owó.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti ṣí páálí, mo ti wá déètì, mo ti mú onírọ́. N kò tilẹ̀ bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè lẹ́ẹ̀kan péré pé kí ló fẹ́ fi orúnkún náà ṣe.

Sọ́ńdè, 19

Èémí rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó sùn.

Àtìní, 20

Ó la ojú ní kùtùkùtù, ó ní kí n wá jókòó.

"Àdíját, ṣé o rò pé mo fẹ́ dọmọge ni?"

Ohun tí mo rò gan-an nìyẹn.

"Iwájú orí mi ni mo fẹ́ fi kan ilẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan péré. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń jókòó sórí àga bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, bí ẹni pé Òun ló wá kí mi nílé. Ojú ń tì mí. Mo ní kí n má dé Ilé Rẹ̀ kí n tún jókòó."

Mo sunkún. Èmi Àdíját, tí àwọn aláàárù Òkè Àrin ń pè ní Ìyá Ológun, mo sunkún sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi fún mi ní òwú. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Má sunkún mọ́, o ti borí ọ̀rọ̀." Mo ní kí ni mo fẹ́ fi borí ṣe.

Sátidé, 25

A gbé e wálé. Apá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bó ṣe wà. Olúfúnkẹ́ ní bó bá ń lo oògùn rẹ̀, tí kò sì rin ìrìn àrìnjù, òun ò ní dá ọ̀nà Mẹ́kà dúró. Ó ti kọ̀wé sí àwọn tó ń mójútó oògùn, ó fi ìgò abẹ́rẹ́ tí Fàtáì gbà lọ́wọ́ àwọn Fúnṣọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Fàtáì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi, kò dìde. Mo ní kó dìde kó wá nǹkan gidi ṣe. Ó lọ sí Tinúbú, wọ́n ti ká pátákó ibẹ̀ kúrò. Ẹnì kan ní òun rí wọn lọ́nà Ọbáléndé pẹ̀lú orúkọ mìíràn.

Àtìní, 27

Fàtáì rí wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń fi fọ́tò apá wíwú màmá rẹ̀ tí wọ́n yà nílé ìwòsàn han gbogbo ẹni tó ń wọlé. Ó ní ènìyàn méje ló yí padà. Ìwà Ìsàlẹ̀ Èkó ti wá hàn lára ọmọ yìí nígbẹ̀yìn.

Àtàláátà, 28

Mùtíátù wá. Kò wọ jígí. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Sisí, ó kọ̀ kò wọlé.

Ó ní àìrówó ló gbé òun débẹ̀. Wọ́n ní kó ṣáà fi ogún ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀, kó máa rìn. Mo bi í pé abẹ́rẹ́ mélòó ló gbà níbẹ̀.

"N ò gbà á rí, Sisí Àdíját. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín pa mí. Sisí náà rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìhà mú.

Ó ní orúkọ òun wà nínú àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà lóòótọ́, àwọn ọmọ òun ló san án, ṣùgbọ́n òun ti ń rò ó pé kí òun má lọ mọ́, pé ta ló máa gba ìrìn àjò òpùrọ́. Sisí ní, "Ọlọ́run ló ń gbà á. Àdíját kọ́." Ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Mùtíátù, apá ẹ lágbára?"

"Ó lágbára, mà."

"O lè ti àga onítáyà?"

Mo yíjú wo ògiri kí wọ́n má bàa rí ojú mi. Ẹni tó ní òun kì í ṣe arọ ló ń bèèrè yìí.

Sátidé, 1 oṣù Kẹfà

Dáfídì yá wa ní àga onítáyà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mùtíátù ń tì í kiri àdúgbò kó lè mọ́ ọn lọ́wọ́. Sisí ń kí ènìyàn ọ̀tún àti òsì bí ẹni tó ń jẹ oyè. Ó ń na ẹsẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bí Olúfúnkẹ́ ṣe wí. Lónìí ó fi ọ̀pá rìn dé ojú pópó, ó sì rìn padà, kò sinmi. Ó ní ìrora náà ti dín díẹ̀. "Díẹ̀" yẹn dùn mọ́ mi ju gbogbo ohun tí Fúnṣọ́ ṣèlérí lọ.

Páálí mílíkì tún ti gbówó lórí. Mo ṣí ti àárín, ó dára.

Àlàrùba, 5

Wọ́n lọ lónìí. Òjò rọ̀ títí dé pápá ọkọ̀ òfuurufú. Mo di oògùn Sisí sí ọ̀nà méjì, mo fi ọ̀kan sí báàgì rẹ̀, mo fi ìkejì lé Mùtíátù lọ́wọ́. Mo ní, "Tí ó bá ní òun ti lò ó, má gbà á gbọ́. Ní kó la ẹnu."

Mùtíátù kúnlẹ̀ sí inú omi òjò, ó ní òun gbọ́.

Sọ́ńdè, 23

Iléyá. Àgbò wọ́n bí ojú. Mo wo tiwa lójú kí wọ́n tó dú u, mo ní kó má bínú, ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀.

Àlàmísì, 4 oṣù Keje

Àlàájì kan tó ti dé láti Mẹ́kà mú kásẹ́ẹ̀tì wá láti ọ̀dọ̀ Sisí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn tiwọn máa wálé. Gbogbo ilé kóra jọ sí yàrá mi lókè, Fàtáì fi í sínú rédíò. N óò kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

"Àdíját, Sisí ẹ ni o. Ara mi le. Mo ń lo oògùn mi, Mùtíátù ń ṣọ́ mi bí ọlọ́pàá, ẹnu ni mo ń là fún un láràárọ̀. Ìwọ lo kọ́ ọ.

"Lọ́jọ́ tí a lọ yí Káábà po, èrò pọ̀ débi pé àga kò lè kọjá mọ́ ní ibì kan. Mo ní kó fi mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó máa lọ. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ní, 'Sisí Àmú, ẹ gùn.' Àdíját, ọmọ yẹn pọ̀n mí. Ó fi ìborùn mi ṣe ọ̀já. Mo tóbi o, o mọ̀. Ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, kò sọ̀ mí.

"Nígbà tí a débi tí ààyè wà láti kírun, ó sọ̀ mí kalẹ̀, ó di apá mi mú, ó rọra tẹ̀ mí wálẹ̀. Ilẹ̀ náà tutù. Iwájú orí mi kàn án. Mo pẹ́ níbẹ̀. Gbogbo yín ni mo dárúkọ, mo dárúkọ Olúfúnkẹ́ pẹ̀lú, ọmọ onígbàgbọ́. Òun náà ló tún gbé mi dìde.

"Sọ fún Olúfúnkẹ́ pé orúnkún ṣì ń dùn mí."

A wá gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń yọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sisí rẹ́rìn-ín, ó wá ní:

"Mùtíátù ní kí n sọ fún ẹ pé n ò bọ́ lẹ́yìn òun o."

Kásẹ́ẹ̀tì náà parí síbẹ̀. Mo ní kí Fàtáì dá a padà díẹ̀ kí n tún ibẹ̀ gbọ́.